Ilẹ̀kùn Tí A Ṣí fún Ọ, Má Ṣe Tì Í Mọ́ Ẹlòmíràn

Bíbélì kíkà: Númérì 27:1–11, Jóṣúà 17:3–4
Kókó ẹ̀kọ́: Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún obìnrin kan, ọ̀nà ni ó fi là fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

  

Nínú Bíbélì kíkà wa, a bá àwọn ọmọbìnrin márùn-ún pàdé, àwọn ọmọ Selofehadi: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Bàbá wọn kú sí aginjù, kò sì ní ọmọkùnrin. Ní ìgbà náà, ọmọkùnrin ni í jogún ilẹ̀. Bí a bá pín ilẹ̀ ìlérí bẹ́ẹ̀, orúkọ bàbá wọn yóò parẹ́, àwọn náà yóò sì máa gbé orí ilẹ̀ onílẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò jókòó sí ẹ̀yìn àgọ́ kí wọ́n máa ráhùn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ àjọ níwájú Mósè, níwájú Eleasari àlùfáà, níwájú àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ, wọ́n sì béèrè ìpín tiwọn. Mósè kò fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dá wọn lóhùn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Olúwa. Olúwa sì dáhùn pé òtítọ́ ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń sọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí a wò dáadáa ni ẹsẹ 8. Ọlọ́run kò kàn fún àwọn márùn-ún yìí ní ilẹ̀ kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó sọ ọ́ di òfin fún gbogbo Ísírẹ́lì. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn márùn-ún dúró sí, gbogbo ọmọbìnrin tí kò ní arákùnrin ni ó gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn wọn.

Mo fẹ́ fi ìtàn obìnrin kan ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó ti ń ka Bíbélì. Orúkọ rẹ̀ ni Bessie Coleman. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀ òfuurufú.

ỌMỌ INÚ OKO ÒWÚ

A bí Bessie ní ọjọ́ 26, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1892, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Atlanta ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ mẹ́tàlá ni ìyá rẹ̀ bí, òun sì ni ìkẹwàá. Kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà tí a dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, nínú ọkọ̀ ojú irin àti ní ilé ẹ̀kọ́. Ìlú Waxahachie ni Bessie dàgbà sí. Ní ọdún 1901, bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn Indian onílẹ̀ Amẹ́ríkà nínú, kọjá lọ sí Oklahoma láti wá ibi tí ara yóò ti tù ú. Ìyá kò bá a lọ. Ìyá yìí, Susan ni orúkọ rẹ̀, ń bá àwọn òyìnbó dáná, ó sì ń fọ aṣọ gba owó. Àwọn ọmọ ń ká òwú nínú oko.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú, bí ìkórè òwú bá sì dé, oko ni àwọn ọmọ ń lọ. Bessie mọ ìṣirò púpọ̀. Òun ni ó ń ṣírò òwú tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ká, kí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n má baà rẹ́ wọn jẹ. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, síbẹ̀ a máa yá ìwé fún àwọn ọmọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ tí ń gbé ìwé kiri bá dé àdúgbò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Bessie a ka Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé.

Àwa ará Mẹ́tọ́díìsì mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Susanna Wesley bí ọmọ mọ́kàndínlógún, ó sin púpọ̀ nínú wọn ní kékeré, síbẹ̀ inú ilé ni ó ti fi ara rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé, John àti Charles sì wà lára wọn. Susan ti Texas kò ní ìwé lórí tí yóò fi kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tí òun kò ní, kò fi du ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Bessie bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ gba owó, ìyá rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fi owó náà pamọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 1910, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Langston, ní Oklahoma. Sáà kan ṣoṣo ni owó náà lè gbé e. Ó padà sílé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ.

ILẸ̀KÙN TÍ WỌ́N TÌ

Ní ọdún 1915, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Chicago. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ títún èékánná ṣe, ó sì ń ṣe é ní ilé ìgẹ̀run àwọn ọkùnrin. Méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ jagun ní ilẹ̀ Faransé nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ogun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn obìnrin ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin Faransé sàn jù wọ́n lọ, pé àwọn yẹn tilẹ̀ ń wa ọkọ̀ òfuurufú, irú èyí tí obìnrin dúdú Chicago kò lè ṣe láéláé. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bessie náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé òun yóò wa ọkọ̀ òfuurufú.

Ó kàn sí àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tí ó gbà á. Dúdú ni í ṣe, obìnrin sì tún ni. Ó tọ Robert Abbott lọ, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender. Ọkùnrin yìí gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ́ èdè Faransé, kí ó fi owó pamọ́, kí ó sì lọ sí ilẹ̀ Faransé. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bessie kọ́ èdè náà, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú owó. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á wà ní Le Crotoy, ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará ilé Caudron tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ni ó ni ín. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má ṣe rò pé ọkọ̀ òfuurufú ìgbà náà rí bí èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Igi, aṣọ àti wáyà ni wọ́n fi ṣe é. Ojú Bessie ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe já bọ́, tí ó sì kú. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 1921, ó gba ìwé ẹ̀rí àjọ awakọ̀ òfuurufú àgbáyé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.

ẸNU Ọ̀NÀ KAN ṢOṢO

Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn ń gbé orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1922, ó fò níwájú àwọn ènìyàn nítòsí New York. Ibi tí ìtàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí sí nìyí: mo ti débẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ohun kan ni ó wà lọ́kàn Bessie. Ó fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọkùnrin àti obìnrin, yóò ti máa kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ẹlòmíràn má baà tún gun òkun kí ó tó rí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ó ṣe ń fò kiri láti ìlú dé ìlú.

Ní oṣù Kejì, ọdún 1923, ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ kú lójú òfuurufú ní California. Ó já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, egungun ìhà rẹ̀ náà kán. Láti orí ibùsùn ni ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá ti lè rìn, òun yóò tún fò.

Ní ọdún 1925, ó padà sí Waxahachie, ìlú tí ó ti ká òwú. Wọ́n fẹ́ kí ó wá fò fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn òyìnbó yóò gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, àwọn dúdú yóò gba òmíràn. Bessie ní rárá. Ó ní bí gbogbo ènìyàn kò bá ní gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, òun kò ní fò. Wọ́n gbà fún un ní ti ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn wọlé tán, ìjókòó ṣì yàtọ̀ síra wọn. Kò rí gbogbo ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà. Ó gba ẹnu ọ̀nà, ó kù ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí pé inú ìlú yìí ni wọ́n ti ń pe ìyá rẹ̀ kí ó wá fọ aṣọ, yóò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Lẹ́yìn èyí, ó dé Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida. Pásítọ̀ kan, Hezekiah Hill, àti Viola ìyàwó rẹ̀ gbà á sílé bí ọmọ. Ó ṣí ilé ìṣerun lóge síbẹ̀ kí owó ilé ẹ̀kọ́ náà lè tètè pé.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1926, ó wà ní Jacksonville fún eré tí wọn yóò ṣe ní ọjọ́ kejì. William Wills tí í ṣe mẹkáníìkì rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Bessie jókòó sí ẹ̀yìn, kò de ìgbànú, nítorí ó fẹ́ nà jáde wo ilẹ̀ tí òun yóò bọ́ sí lọ́jọ́ kejì. Lójijì, ọkọ̀ náà dorí kodò, ó sì yí padà. Bessie jábọ́ láti òkè, ó kú. Wills náà kú nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, sípánà kan tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ ni ó há a. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bessie. Kò tí ì fi bíríkì kan lélẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin arábìnrin, n kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tí ó bá gbàdúrà ni kì í ṣubú. Ọmọ ìjọ ni Bessie; láti ọmọ ọdún méjìlá ni ó ti wọ ìjọ Baptist. Sípánà kan ni ó fa ikú rẹ̀. Bí a bá ní Ọlọ́run kò sí pẹ̀lú rẹ̀, a ṣì í sọ. Mósè pàápàá kò wọ ilẹ̀ ìlérí. Àwọn ọmọ Selofehadi gba ọ̀rọ̀ ìlérí lẹ́nu Mósè, ṣùgbọ́n Mósè ti kú kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jóṣúà.

Báwo ni ti Bessie ṣe wá parí? Ní ọdún 1929, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Powell dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfuurufú sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Los Angeles, ó sì fi orúkọ Bessie Coleman sọ ọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà lọ sí ojú sánmà. Mae Jemison ni orúkọ rẹ̀. Àwòrán Bessie Coleman wà nínú ẹrù tí ó gbé dání. Ní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sí ara owó ẹyọ wọn. Ọmọ alágbàfọ̀!

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀kọ́ kìíní: Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn kan, má ṣe sùn sí ẹnu rẹ̀. Ẹni tí a fi ṣe ẹlẹ́yà lè fi ẹkún dáhùn, ó lè fi èébú dáhùn. Bessie fi ìwé èdè Faransé dáhùn. Béèrè lọ́wọ́ Olúwa bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí o sì máa tọ́jú owó ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: Má ṣe gba iwájú wọlé kí o sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ gba ẹ̀yìn. Ó rọrùn fún Bessie láti ní, "Èmi ṣá, wọ́n ti pè mí." Mélòó nínú wa ni ó ti gorí oyè nínú ìjọ tí a kò sì fẹ́ kí obìnrin mìíràn mọ bí a ṣe débẹ̀? Mélòó nínú wa ni ó mọ iṣẹ́ kan, tí a ń fi idán rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ títí yóò fi gba òmìnira?

Níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a gbà láàyè láti ka Bíbélì níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ tí mo ti dàgbà. Àwọn kan kùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì yangàn díẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, ọmọ ìbátan mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ó jáde ìwé mẹ́wàá, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe. Mo pariwo lé e lórí. Mo ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, pé ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún epo? Mo mú un lọ sí ìdí aṣọ rírán. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ ọ, a ṣe òmìnira fún un, mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, tí ó lọ ń bá ẹlòmíràn tajà.

Ó pẹ́ kí n tó béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Mà, kì í ṣe pé mo kórìíra aṣọ rírán. Ẹ kò béèrè ohun tí Ọlọ́run fi sí mi lọ́kàn ni." Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní ọkàn. Èmi tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún, èmi náà ni mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí mo tì í mọ́ ọmọ tí ó wà ní ilé mi. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó ti lọ, ẹnikẹ́ni kò lè pè é padà. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí sí yín, ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà nílé.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Bí o kò bá tilẹ̀ ní jẹ nínú èso rẹ̀, gbìn ín. Jòhánù 12:24 kọ́ wa pé irúgbìn tí ó bá wọ ilẹ̀ tí ó sì kú ni í so èso púpọ̀. Owó tí o san fún ọmọ tí kì í ṣe tìrẹ, ọ̀dọ́bìnrin tí o fà lọ́wọ́ wọ ìgbìmọ̀, ìyàrá kan tí o fi wọ àlejò sí bí Viola Hill ti ṣe, Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, nígbà tí ẹ bá délé lónìí, ẹ pe ọmọbìnrin kan, ìbáà jẹ́ ọmọ yín, ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́. Ẹ bi í pé kí ni Ọlọ́run fi sí i lọ́kàn. Kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ọ títí yóò fi sọ ọ́ tán.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìráhùn àti ohun tí àwọn ọmọ Selofehadi ṣe?
2. Ilẹ̀kùn wo ni Olúwa ti ṣí fún ọ, tí obìnrin mìíràn kò tí ì lè gbà wọlé? Kí ni ìwọ lè ṣe sí i?
3. Ǹjẹ́ iṣẹ́ kan wà tí a ń dí àwọn ọmọbìnrin wa lọ́wọ́ láti ṣe ní ìjọ yìí? Ṣé Ọlọ́run ni ó dí wọn lọ́wọ́ ni, àbí àwa?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí o gbọ́ ohùn àwọn ọmọbìnrin márùn-ún ní aginjù, gbọ́ ohùn àwọn ọmọbìnrin wa. Dárí jì wá níbi tí a ti jẹ́ ìdènà fún wọn. Fún àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Pa àwọn tí ń rìn lórí ilẹ̀, lórí omi àti ní òfuurufú mọ́. Tu àwọn ìyá tí ọmọ wọn jáde tí kò padà sílé nínú. Jẹ́ kí a gbin ohun tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kórè, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.